Òṣùpá Méjì Nínú Ṣọ́ọ̀bù Kan

Mo-ti-gbọ́ ni àwọn oníbàárà ń pè é, kì í sì í ṣe orúkọ ìyìn. Bí o bá kí i pé, "Ara yín mà dá ṣáṣá lónìí," á ní, "Mo ti gbọ́," á sì máa rò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú: lónìí kẹ̀, lánàá ńkọ́? Bí o bá yin aṣọ tó rán, á yí ẹ̀yìn aṣọ náà wò bóyá ó ti ya. Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n obìnrin yìí ń lo oògùn náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, kò sì sí dókítà tó kọ ọ́ fún un.

Aránṣọ ni. Òun àti Ìyá Bọ́tìnì ló jọ háyà ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wà lọ́mọge. Òun ló ń gé aṣọ tó sì ń rán an; Ìyá Bọ́tìnì ló ń ṣe ihò bọ́tìnì, ìgbátí aṣọ àti gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ̀rọ ò lè ṣe dáadáa. Maṣíìnì Mo-ti-gbọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an, níbi tó ti ń rí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Tábìlì Ìyá Bọ́tìnì wà ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn, lábẹ́ gílóòbù kan. Ọkọ Mo-ti-gbọ́ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ. Ṣọ́ọ̀bù yìí àti ọ̀rẹ́ yìí ni nǹkan méjì tó kù tó lè pè ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣọ́ méjèèjì bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Ìyá Bọ́tìnì ló mú ọ̀rọ̀ kíláàsì wá. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan fún àwọn àgbà tó fẹ́ kọ́ bí a ti ń kọ ìtàn àti ewì, ìwé àti àṣà àwọn ará Éṣíà ni wọ́n sì fẹ́ máa yẹ̀ wò ní sáà yẹn. Olùkọ́ wọn jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ti gbé ní Jàpáànù rí. Mo-ti-gbọ́ bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ló fẹ́ fi ewì Jàpáànù ṣe.

"Mo kàn fẹ́ máa fetí gbọ́ nǹkan tó dára ni."

Fetí gbọ́ kẹ̀? Lọ́jọ́ kejì, Mo-ti-gbọ́ lọ forúkọ sílẹ̀, kí ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn òun.

Olùkọ́ ní kí wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ṣe. Gbogbo ènìyàn bọ́ tiwọn síbẹ̀. Mo-ti-gbọ́ bọ́ tirẹ̀, ó kó o sínú báàgì. Olùkọ́ po tíì aláwọ̀ ewé sínú abọ́ kan, ó ní kí wọ́n máa gbé e fún ara wọn. Mo-ti-gbọ́ dúró títí àwọn mélòó kan fi mu ún tí wọn ò kú. Wọ́n ka ìtàn láti Íńdíà, wọ́n ka ewì láti Ṣáínà, ó sì gbádùn wọn ju bó ti fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n dé orí ewì alásopọ̀ ti àwọn ará Jàpáànù ni wàhálà dé.

"Ẹnì kan á kọ ìlà mẹ́ta kúkúrú," olùkọ́ ní. "Ẹni tó kàn á so tirẹ̀ mọ́ ọn, á sì yà gba ibòmíràn. Ẹ má padà sídìí ọ̀rọ̀ tó ti kọjá. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi, ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ. Ẹ má fi òwe dì í."

Bàbá awakọ̀ kan rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ tí kò lówe nínú, ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn?"

Mo-ti-gbọ́ ò rẹ́rìn-ín. Láyé tirẹ̀, kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan sọ nǹkan tí kò sí nǹkan mìíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Kálukú ń lọ kọ tirẹ̀ sójú pátákó. Nígbà tó kan Ìyá Bọ́tìnì, kò dìde. Ó ní kí olùkọ́ bá òun kọ ọ́, ó sì fẹnu sọ ọ́:

Kùrukùru bo ọ̀nà.
Ẹni tó ń bọ̀ kí mi;
mo kí aṣọ rẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo-ti-gbọ́ ò bá wọn pa á. Ta ló ń kí obìnrin yìí láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dé, bí kò ṣe òun? Ṣé òun ò wá ju aṣọ lọ mọ́ ni? Kí ló sì dé tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́? Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n bá ọwọ́ òun nínú ọ̀rọ̀ ló ń rán ẹlòmíràn. "Mo ti gbọ́," ó wí sínú.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kíyè sí i. Ìyá Bọ́tìnì ń tètè ṣíwọ́, kí oòrùn tó wọ̀. Ó ń kọjá lára àwọn oníbàárà lójú pópó láìkí wọn, àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ti ń gbé iṣẹ́ ihò bọ́tìnì fún ẹlòmíràn, ó ní ọwọ́ ń dun òun. Lójú Mo-ti-gbọ́, ẹni tó ń múra àtilọ ló ń ṣe báyìí. Ó ti ibi tó ti lọ ra aṣọ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti onílé nídìí ògiri ẹ̀yìn, wọ́n ń fi téèpù wọn ògiri náà. Bí wọ́n ti rí i, wọ́n dákẹ́.

"Kí lẹ ń wọ̀n?"

"Kò sí nǹkan," Ìyá Bọ́tìnì ní, ó ń ká téèpù.

Kò sí nǹkan! Ènìyàn méjì, téèpù kan, odindi ògiri, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ó dá a lójú pé wọ́n fẹ́ pín ṣọ́ọ̀bù náà, kí wọ́n sì ti òun sí apá kan bí àjákù aṣọ. Ní kíláàsì ọ̀sẹ̀ náà, Ìyá Bọ́tìnì tún fẹnu sọ tirẹ̀:

Òṣùpá méjì lókè.
Mo ka ọ̀kan;
mo fi èkejì sílẹ̀.

Ó parí! Òṣùpá méjì, aránṣọ méjì. Èwo ni wọ́n wá fẹ́ fi sílẹ̀? Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Mo-ti-gbọ́ ti wà lẹ́nu ọ̀nà onílé.

"Ẹ gbọ́, sà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ fẹ́ ṣe sí ògiri yẹn, èmi ò fọwọ́ sí i."

"Ṣé ọ̀rẹ́ yín ò ṣàlàyé fún yín ni?"

"Mo ti gbọ́ àlàyé," ó dáhùn. Irọ́ ló pa.

Onílé ní kò burú, pé oníṣòwò pákó kan ti ń bẹ òun tipẹ́ pé kí òun jẹ́ kó kó pákó sí àgbàlá tó wà lẹ́yìn ògiri náà. Òun á kúkú gbà fún un.

Ní kíláàsì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tó kan Mo-ti-gbọ́, ó kọ tirẹ̀ gàdàgbà sójú pátákó, ó sì padà lọ jókòó láìkà á:

Aláǹgbá ń wọn ògiri,
ó ń wá ibi tó lanu.
Ògiri ti panu dé.

Ìyá Bọ́tìnì fi ìgbọ̀nwọ́ kan bàbá awakọ̀. "Kí ló kọ?" Ó ń díbọ́n, Mo-ti-gbọ́ rò, ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà síwájú rẹ̀! Awakọ̀ kà á sí i létí. Ìyá Bọ́tìnì tẹ́tí sí i dé òpin, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì.

"Ìyá, ẹ ti padà sídìí òwe," olùkọ́ ní. "Ewì yìí ò yà, ẹnì kan ló ń bá jà." Ó yíjú sí Ìyá Bọ́tìnì. "Ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tí a rí. Òṣùpá méjì yẹn, Ìyá, ibo lẹ ti rí i?"

"Lókè, ọmọ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ni mò ń sọ. Méjì ni mò ń rí i. Abẹ́rẹ́ náà, méjì ni mò ń rí. Èyí tí mo bá fẹ́ fi òwú bọ̀, òun kọ́ ni abẹ́rẹ́. Kùrukùru tí mo wí lọ́jọ́sí, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, oòrùn ìbáà ràn. Mi ò dá ojú ènìyàn mọ̀ mọ́. Aṣọ ni mo fi ń dá wọn mọ̀, torí pé àwa la rán an. Ẹ ní ká sọ ohun tí a bá rí. Ohun tí mo rí nìyẹn."

Mo-ti-gbọ́ wá ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, bó ti máa ń wá a. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

"Ògiri yẹn ńkọ́?" ó bèèrè nígbà tí wọ́n ń lọ sílé.

"Fèrèsé ni mo ní kí onílé yọ síbẹ̀. Dókítà ojú ní kí n máa jókòó níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ sí, kí n lè ríṣẹ́ ṣe fúngbà díẹ̀ sí i."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

Ìyá Bọ́tìnì dúró. "Kí n sọ fún ẹ, kí o wá bi mí pé kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀?"

Ojú ti Mo-ti-gbọ́ débi pé kò lè gbórí sókè. Ó yà lọ sílé onílé lójú ẹsẹ̀, ó ní òun ti gbà, kí wọ́n yọ fèrèsé náà. Ó ti pẹ́ jù. Pákó ti kún ẹ̀yìn ògiri dé ìsàlẹ̀ òrùlé, oníṣòwò náà sì ti gba kọ́kọ́rọ́ àgbàlá. "Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò fọwọ́ sí i," onílé ní, òótọ́ ló sì sọ.

Kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dé lọ́jọ́ kejì, Mo-ti-gbọ́ ti wọ́ maṣíìnì tirẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀, ó sì ti gbé tábìlì Ìyá Bọ́tìnì sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn ń gbà wọlé. Láti kọ̀rọ̀ yẹn, kò rí ẹni tó ń lọ, kò rí ẹni tó ń bọ̀. Síbẹ̀ ó jókòó.

Ìyá Bọ́tìnì wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbún tábìlì. Ó fọwọ́ tọ́ ọ káàkiri.

"Ta ló gbé èyí síbí?"

"Èmi ni."

"Kí lo fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi?"

"Kò sí nǹkan kan. Jókòó, ọ̀rẹ́ mi. Ìmọ́lẹ̀ wà níbẹ̀."

"Mo ti gbọ́," ni Ìyá Bọ́tìnì wí.

Ó jókòó. Ó mú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó kọjú sí oòrùn, ó gbìyànjú. Òwú gba ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ kọjá. Ó tún gbìyànjú. Mo-ti-gbọ́ fẹ́ dìde, ó dá ara rẹ̀ dúró, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ jù ú lọ bí irú oore bẹ́ẹ̀ ti ń rí lójú ẹni tó ń fura. Ó káwọ́ lé itan, ó ń dúró.

Nígbà tó pẹ́, Ìyá Bọ́tìnì na abẹ́rẹ́ àti òwú sẹ́yìn láìbojú wẹ̀yìn.

"Bá mi fi bọ̀ ọ́," ó ní. "Má sọ̀rọ̀."