Ilé Lotto Tí Bàbá Wa Fi Sílẹ̀ fún Àbúrò Mi

Àbúrò mi obìnrin dàgbà ní ara, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ kò ju ti ọmọdé lọ. Kò lè ra iyọ̀ kó gba ṣéńjì. Nítorí rẹ̀ ni bàbá wa ṣe pe lọ́yà wá sílé wa ní Lotto, ní Mowe, nígbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dùbúlẹ̀.

Lọ́yà náà fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní tí Bàbá bá kọ wíìlì, ìwé náà kò ní lágbára kankan títí Bàbá yóò fi kú, ilé ẹjọ́ yóò sì kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kó tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá ṣe tírọ́ọ̀sì, láti ìsinsìnyí ni yóò ti fi ilé náà sí ìkáwọ́ àwọn tó fọkàn tán, kí wọ́n máa fi tọ́jú ọmọ náà, ikú Bàbá kò sì ní dá ìtọ́jú yẹn dúró.

Bàbá wo ògiri tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́.

"Ilé tí mo kọ́, kí n fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ nígbà tí mo ṣì ń mí? Rárá o. Ẹ bá mi kọ wíìlì."

Wọ́n kọ ọ́. Àbúrò mi ló fi ilé náà fún.

Kò pẹ́ tí a sin Bàbá tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa, àwọn ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ Bàbá, fi dé láti Ifọ̀. Wọ́n ní orí Bàbá kò pé mọ́ nígbà tó kọ ìwé náà, ni wọ́n bá gba kóòtù lọ. Adájọ́ ní kí ilé wà ní títì títí ẹjọ́ yóò fi parí. Mo mú àbúrò mi lọ sí yàrá kan tí mo háyà ní Akute. Kò yé e. Láràárọ̀ ni yóò kó aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, tí yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Mo máa ń sọ fún un pé ó di ọ̀la.

Nígbà òjò, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ọsibítù ló kú sí, ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀.

Nígbà tí adájọ́ wá sọ̀rọ̀, ó ní wíìlì Bàbá dúró. Ilé di ti àbúrò mi tó ti di òkú. Lọ́yà ní níwọ̀n bí kò ti lọ́kọ, tí kò bímọ, ẹbí náà, èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n wa, ni yóò tún jókòó lé ọ̀rọ̀ ilé lórí.

Ẹ̀gbọ́n wa àgbà wá bá mi. Kò lè wo ojú mi. Ó ní a ò ní jà mọ́.

A jọ lọ ṣílẹ̀kùn. Eruku bo gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ wọlé.