Ọjọ́ Tí Mo Fi Orúkọ Ẹbí Ọkọ Sí Alhaja Lẹ́nu

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bírò pupa mi kó mi sí ní Accra níbí. Ó ti pẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá rántí, àyà mi ṣì ń já.

Iṣẹ́ àtúnṣe ìwé ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Òǹkọ̀wé á kọ tirẹ̀, èmi á gé ibi tó gùn, màá tún ibi tó wọ́ ṣe, kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé. Èmi nìkan ni Yorùbá ní ọ́fíìsì wa. "Alata" ni wọ́n ń pè mí, bí àwọn ará Ghana ṣe ń pe Yorùbá, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín.

Alhaja Sàlámátù, tó ń ta aṣọ ní ọjà Odawna, wá kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní Yorùbá: bó ṣe wọlé ọkọ, bó ṣe bá ẹbí ọkọ gbé nínú àgbàlá kan ní àdúgbò Jamestown títí ọkọ fi kú, tí wọn ò sì lé e. Ìwé náà dùn! Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú. Kò dárúkọ ẹnì kankan nínú ẹbí ọkọ. Ọ̀kan ni Ìbàdí-àrán, òmíràn ni Eyínfúnjowó, òmíràn ni Baba Rere. Nígbà míì, ẹnì kan á ní orúkọ mẹ́ta!

Ṣé mi ò mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹbí ọkọ lórúkọ ni? Mo mọ̀ ọ́n! Ẹni tí wọ́n bá ti bí kó tó wọlé, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá sọ ọ́ ni yóò máa pè é. Ṣùgbọ́n mo sọ lọ́kàn mi pé àṣà inú ilé nìyẹn, kò kan ìwé. Mo bá gba orúkọ gidi wọn lẹ́nu ọmọ rẹ̀ obìnrin, mo sì pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pátá.

Òǹkọ̀wé ló yẹ kó ka ìwé kẹ́yìn, kó buwọ́ lù ú. Alhaja ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀gá wa, Auntie Adwoa, sì ti dá ọjọ́ ìkójáde. Mo bá buwọ́ lù ú fún un. Ẹ gbọ́ ná, ta ló rán mi níṣẹ́?

Ọjọ́ tí ìwé wọ ilé ìtẹ̀wé gan-an ni Alhaja dé. Mo fi ayọ̀ gbé ẹ̀dà kan tí a tẹ̀ ní ọ́fíìsì lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo bá Baba kan lórí àga níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó kù láyé. Alhaja ní ojú òun ò ríran dáadáa mọ́, kí n kà á sétí àwọn. Mo gbóhùn sókè: "Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, Bùráímọ̀ ló kọ́kọ́ bu omi fún mi..."

Kí n tó gbójú sókè, Alhaja ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

Baba rọra yíjú sí i. "Ìyàwó, èmi lo wá ń pè bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Baba Rere, ẹ dákun! Èmi kọ́! Mi ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀!" Ó kọjú sí mi. "Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yẹn ni mo ti ń ṣọ́ ẹnu mi. Ìwọ wá sọ mí di aláìlẹ́kọ̀ọ́ lọ́sàn-án gangan! Bí ìwé yẹn bá jáde, ojú wo ni mo fẹ́ fi padà wọlé?"

Mo ní kò tíì jáde, ilé ìtẹ̀wé ló wà.

Baba ní, "Kí lo wá ń dúró ṣe níbí?"

Mo sáré! Mo pe ilé ìtẹ̀wé, wọn ò gbé e. Trotro, ọkọ̀ èrò tí mo wọ̀, há sínú sún-kẹẹrẹ ní Circle, kò lọ, kò bọ̀. Mo pe Auntie Adwoa pé kí a dá ìwé náà dúró. Ó pariwo pé òun ti pe àwọn èèyàn síbi ìkójáde, ṣebí Alhaja ló buwọ́ lù ú? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò.

"Ah! Alata, àbí ìwọ ni?"

Mo ní èmi ni. Ó wá ní kí n lọ dá ẹ̀rọ dúró, àti pé èmi fúnra mi ni màá dúró níwájú àwọn àlejò láti sọ ìdí tí kò fi sí ìwé.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn ín. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ. "Ẹ pa á! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á!" Kofi tó ń tẹ̀wé rò pé orí mi ti dà rú. Ó ní, "Bra," bí wọ́n ṣe ń pe arákùnrin níbí, "ta ló ń lé ẹ?" Ṣùgbọ́n ó pa á. Ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ ga dé orúnkún mi. Gbogbo rẹ̀ ṣòfò.

Lọ́jọ́ kejì, mo dọ̀bálẹ̀ fún Baba. Alhaja ní kó má ṣèbínú, kó jẹ́ kí n dìde. Baba ní, "Jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀. Ṣebí ilẹ̀ ò gbóná."

Lọ́jọ́ ìkójáde, mo dúró níwájú àwọn àlejò bí ọ̀gá ṣe ní, mo sì jẹ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi jókòó ti Alhaja ní ṣọ́ọ̀bù, tí à ń dá orúkọ padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ló ti là mí lójú. Omi tí Baba bù fún un lọ́jọ́ tó wọlé, tí ẹ̀rù ń bà á, tí kò sẹ́ni tó kí i, òun ló fi sọ ọ́ ní Baba Rere. Orúkọ yẹn gan-an ni ìtàn, èmi sì ti gé e dànù!

Ìwé jáde lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, Alhaja ṣì ń wọlé ọkọ rẹ̀ tọwọ́ tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kọ ìwé kejì, kò gbé e fún mi. Mo jẹ̀bi, mi ò sì bínú.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: bí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn bá rú wa lójú, ká kọ́kọ́ bi í léèrè kí á tó fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ti tún ṣe rí, tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀? Ẹ sọ fún mi, kó má jẹ́ èmi nìkan ni n ó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀!