Bàbá Àpòmù àti Àwọn Lẹ́tà Tí Kò Kí Èèyàn

Nígbà tí a bá ń ka àwọn ohun ńlá tí ọmọ aráyé ti gbé ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ẹni tí lẹ́tà pọ̀ nínú fóònù rẹ̀. Ọba ní adé, ìjòyè ní ìrùkẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gba ímeèlì ní nọ́ńbà pupa kan tó ń sọ fún gbogbo ayé iye lẹ́tà tí kò tíì ráyè kà. Ẹ wo bó ṣe ń gbé fóònù náà kalẹ̀ sórí tábìlì, tí á dojú rẹ̀ sókè, tí á sì mí kanlẹ̀: "Àwọn èèyàn wọ̀nyí ò jẹ́ kí n sinmi." Ta ni àwọn èèyàn wọ̀nyí? Ẹni tó ń ta oògùn orí pípá ni, àti ilé iṣẹ́ kan tó fẹ́ bá a tún òrùlé ṣe ní ìlú tí kò dé rí. Ṣùgbọ́n ṣé wọn ò kọ̀wé sí i ni? Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín yẹn, ta ló kọ̀wé sí ọ lónìí?

Àgbà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́lá yìí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì. Àpòmù ni wọ́n ń gbé, Bàbá Àpòmù sì ni gbogbo ẹbí ń pè wọ́n. Wọn kì í lo Wáásáàpù. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn ọmọdé ti ń fi àwòrán ẹ̀rín ránṣẹ́ síra wọn. Ímeèlì ni tiwọn, torí ó ní àdírẹ́sì, ó ní àkọlé, ó jọ lẹ́tà. Nígbà tí oyún ọmọbìnrin wọn tó wà ní Kánádà ń sún mọ́ ìbí, wọ́n ti pàṣẹ fún un: "Bí o bá ti bí, kọ̀wé sí mi. Orúkọ ọmọ kì í ṣe ohun tí à ń pariwo lórí fóònù. Èmi náà á kọ orúkọ tí mo fún un ránṣẹ́ sí ọ."

Gbogbo wa la mọ orúkọ náà. Orúkọ ìyá wọn ni. Ọkùnrin ni gbogbo ọmọ-ọmọ tí wọ́n ti ní látẹ̀yìnwá, kò tíì sí ẹni tó lè jẹ́ ẹ, ara wọn ò sì balẹ̀ mọ́.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ni pé àpótí lẹ́tà wọn kún fún pàntí. Wọ́n pè mí ní Ìkirè pé kí n wá bá àwọn la ọ̀nà, kí lẹ́tà ọmọ àwọn lè rí ibi gbà wọlé. Mo ra dòdò Ìkirè dání, mo gun ọ̀kadà, mo dé.

Ìyá Àpòmù, ìyàwó wọn, ń sẹ́ ògì lẹ́yìnkùlé.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá rẹ wà nínú fóònù lọ́hùn-ún. Bá mi kí wọn. Bá mi kí opó yẹn ní pàtàkì."

Opó yẹn! Obìnrin kan ni, ó ní ọkọ òun kú, ó fi àpótí wúrà sílẹ̀, òun sì ń wá olóòótọ́ èèyàn tó máa bá òun ṣọ́ ọ. Bàbá ti dá a lóhùn. Kì í ṣe torí wúrà o. Wọ́n ní àwọn kàn bá a kẹ́dùn ni. Wọ́n ṣàdúà fún òkú ọkọ rẹ̀. Opó dúpẹ́, ó tún kọ̀wé, Bàbá tún fèsì. Kò sí lẹ́tà tí wọn kì í fèsì sí. Ẹni tó fẹ́ ta bàtà fún wọn, wọ́n á kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ ṣeun, bàtà wà lẹ́sẹ̀ mi, ẹ kí ilé."

"Bàbá," mo ní, "bí ẹ bá ń dá wọn lóhùn, ńṣe ni wọ́n á máa pọ̀ sí i. Wọ́n ti mọ̀ pé èèyàn wà nílé."

"Ṣé kí n wá díbọ́n pé n kò sí nílé ni? Ohun tí wọ́n kọ́ yín ní yunifásítì nìyẹn?"

Mo ṣàlàyé pé a lè fi asẹ́ sínú fóònù náà, kí ó máa sẹ́ lẹ́tà fúnra rẹ̀: èyí tó dáa á wọlé, pàntí á gba ààtàn lọ. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rọ tó máa bá àwọn yan àlejò. Àwọn fúnra àwọn ni asẹ́, òfin kan ṣoṣo ló sì wà.

"Ọmọlúàbí kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí èèyàn. Lẹ́tà tó bá kí mi, tó béèrè ara mi àti ará ilé mi, kó wọlé. Èyí tó bá kàn já lu ọ̀rọ̀ bí ewúrẹ́ tó já wọ ilé onílé, ààtàn!"

Ó yẹ kí n jiyàn, àmọ́ òfin náà dùn mọ́ mi. A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ń kà, Bàbá ń dájọ́.

"Ẹ ra méjì, ẹ gba ẹ̀kẹta lọ́fẹ̀ẹ́."

"Kò kí mi. Ààtàn!"

"Àǹfààní ìkẹyìn nìyí."

"Ìkẹyìn ta ni? Kò tíì kí mi, ó ti dé ìkẹyìn. Ààtàn!"

"Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀, a kí yín tọkàntọkàn. A gbàgbọ́ pé ara yín le, pé àlàáfíà sì wà fún ìdílé yín..."

"Háà! Èyí ní ẹ̀kọ́ ilé. Jẹ́ kó jókòó."

Ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹlẹ́kọ̀ọ́ ilé ń béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń gbowó ní báńkì. Mo yọ tirẹ̀ sọnù nígbà tí wọ́n lọ ṣe àlùwàlá. Ìrọ̀lẹ́ dé, àpótí mọ́ tónítóní. Àwọn oníjìbìtì nìkan ló ṣẹ́ kù síbẹ̀, torí kò sí ẹni tó mọ èèyàn kí bí oníjìbìtì.

Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá ti kírun àsùbáà tán, iṣẹ́ asẹ́ ló kàn.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí àbúrò mi, ọmọ Bàbá, pè mí láti Kánádà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán. Ṣé Daddy ń bínú sí mi ni?"

"Nítorí kí ni?"

"Mo ti bímọ. Obìnrin ni. Ọjọ́ tí mo bí i gan-an ni mo kọ̀wé sí wọn, wọn ò fèsì. Àbí torí pé mi ò wálé wá bí i ni?"

"O ò ṣe pè wọ́n?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀la sì ni ìsọmọlórúkọ. Bàbá ọkọ mi ti fi orúkọ ránṣẹ́ láti Orílẹ̀-Òwu, wọ́n ní bí Àpòmù ò bá rí tiwọn mú wá, tàwọn ti tó ọmọ náà." Mo gbọ́ tó fa imú. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ ọmọ mi lórúkọ kí ti Daddy má sí ńbẹ̀."

Ọkàn mi ti lọ sí ààtàn. "Báwo lo ṣe kọ lẹ́tà ọ̀hún?"

Fóònù ọkọ rẹ̀ ló lò, lórí bẹ́ẹ̀dì. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. "Kíákíá" ni àkọlé rẹ̀, inú rẹ̀ ò sì ju ìlà kan lọ: ọmọ ti dé, obìnrin ni, ẹ fi orúkọ ránṣẹ́.

"O ò wá kí wọn?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni!"

Mo gun ọ̀kadà, mo forí lé Àpòmù. Ẹ̀rín pa mí lójú ọ̀nà débi pé ọlọ́kadà dín eré kù, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí, kó máa sáré.

Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fóònù wà lórí itan wọn. "Ọmọ yìí ò tíì kọ̀wé o. Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣọ́ ọ̀nà."

"Opó ti kọ̀wé ní tiẹ̀," ni Ìyá Àpòmù wí.

Mo gba fóònù, mo wọ ààtàn lọ. Ọmọ wọn wà níbẹ̀, láàrin oògùn orí pípá àti ẹ-ra-méjì. Mo ka lẹ́tà náà fún wọn. Bàbá yọ awò ojú wọn.

"Obìnrin?"

"Obìnrin ni, Bàbá."

"Èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi da ọmọ-ọmọ mi sí ààtàn."

Ìyá Àpòmù ti ń jó. "Asẹ́ yín mà dáa o! Ògì ló ń dà nù, èèrí ló ń gbé sínú ìkòkò!"

"Bàbá, ẹ tètè kọ orúkọ," mo ní. "Ọ̀la ni."

Wọ́n gba fóònù, wọ́n ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń kà á sókè bí wọ́n ṣe ń tẹ̀: "Sí ọmọ mi ọ̀wọ́n. Mo kí ọ kú ewu. Mo kí ọkọ rẹ. Mo kí àwọn àna wa ní Orílẹ̀-Òwu. Ṣé òtútù ọ̀hún ò pọ̀ jù..."

"Bàbá! Orúkọ!"

"Ṣé kí èmi náà wá já lu ọ̀rọ̀ bí ewúrẹ́ ni?"

Ìyá Àpòmù ò dúró gbọ́. Wọ́n ní kí n fi fóònù tèmi pe ọmọ àwọn, ó gbé e, wọ́n já a gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n sì pariwo orúkọ náà sí i létí débi pé àwọn ará ilé kejì ṣe "Àmín." Mo gbọ́ tí àbúrò mi bú sẹ́kún, tó tún ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ò gbójú sókè. Wọ́n ṣì ń kí òtútù.

Àfìgbà tí wọ́n lá oyin ìsọmọlórúkọ tán ní Kánádà ni lẹ́tà wọn tó dé, ìkíni láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ wà ní ìlà tó kẹ́yìn. Orílẹ̀-Òwu kó orúkọ wá o, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń fi pe ọmọ náà nílé, ti Àpòmù ni.

Mo ròyìn yìí ká Ìkirè. Mo sín Bàbá jẹ bí wọ́n ṣe ń dájọ́, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi bóyá ó yẹ kí kíkí lásán bo odindi ọ̀gá ilé ìwé lójú. Nígbà tí mo délé, mo ní kí n wo ààtàn fóònù tèmi náà, bóyá ọmọ ẹnìkan wà níbẹ̀. Kò sí ọmọ. Lẹ́tà kan ló wà níbẹ̀: "Sí Ọ̀jọ̀gbọ́n ọlọ́lá jù lọ. A kí yín, a kí ìdílé yín. A ti ka iṣẹ́ ńlá yín, gbogbo ayé ń dúró de òmíràn." Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ní àwọn kà, n kò tíì kọ ọ́. Mo mọ irú wọn dáadáa.

Mo yọ ọ́ kúrò lórí ààtàn, mo tún un kà, mo sì dá wọn lóhùn. Mo ní kí wọ́n kí ilé.