Tẹlifíṣọ̀n wa parọ́ fún mi pé ọmọ mi sanra

Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá lórí Ṣadé, ọmọ mi tó wà ní Kánádà. Ẹ tiẹ̀ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi.

Ìyá ọkọ mi kì í ríran dáadáa mọ́, la bá ní ká jẹ́ kí wọ́n rí Ṣadé lójú tẹlifíṣọ̀n lónìí. Dádì Ṣadé fi wáyà so kọ̀ǹpútà tá a fi pe ọmọ mọ́ ọn. À ń gbọ́ ohùn ọmọ, àmọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri. Dádì Ṣadé bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lẹ́yìn, bí ẹni ń lu tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́!

"Dádì, ẹ má lù ú mọ́! Ẹ fi rìmóòtù yan HDMI, ojú ibi tẹ́ ẹ ki wáyà yẹn bọ̀!" Ṣadé ló ń pariwo láti inú kọ̀ǹpútà.

Àwòrán dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ṣadé rí bẹ̀ǹbẹ̀. Ìyá ọkọ mi pàtẹ́wọ́: "Àbẹ̀kẹ́ mi ti sanra! Ìlú òyìnbó gbè é!"

Èmi náà ń dúpẹ́.

Àfi ìgbà tí Dádì Ṣadé ní, "Kí ló dé tí aago ara ògiri ẹ̀yìn ọmọ yìí rí bí ẹyin? Àwòrán yìí fẹ̀ jù." Wọ́n tún tẹ rìmóòtù. Aago di róbótó, ọmọ mi sì di igi ìgbálẹ̀. Eegun ọrùn rẹ̀ yọ síta!

"Ṣadé, ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Mọ́mì. Iṣẹ́ ló kàn pọ̀."

Bàbá rẹ̀ ń yangàn pé àwọn ti tún àwòrán ṣe! Mo ní kí wọ́n dá a padà sí bó ṣe wà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lọ́hùn-ún, ṣé bí tiyín náà ṣe rí nìyí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Èmi gan-an ò tíì lè jẹun.