Jósẹ́fù Ò Sọ̀rọ̀

Ajẹ́ǹtì ilé ni mí ní Ṣàngótẹ̀dó. Ẹnu ni ọkọ́ mi, ẹnu náà ni àdá mi. Bí omi bá dúró sójú ilẹ̀ kan, mo lè ròyìn rẹ̀ fún oníbàárà títí yóò fi gbà pé atẹ́gùn òkun ló ń pe òun níbẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà ni mo ṣe ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo máa ń ka Ìwé Mímọ́ ní Mísà, èmi ni mo ń ṣáájú Rósárì nínú ẹgbẹ́ àwọn bàbá. Bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan gbàdúrà ìparí ní ìpàdé, kí n tó dìde rárá, àwọn èèyàn á ti fara balẹ̀ sórí àga wọn bí ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ lọ sí Kánò.

Nítorí náà, nígbà tí Sístà tó ń bójú tó eré Kérésìmesì ìjọ wa ní Ajah pè mí lẹ́yìn Mísà ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ǹtì, mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ. Áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì ni. Ta ló tún kù tó lè jíṣẹ́ Ọlọ́run bí èmi?

"Bàbá, irùngbọ̀n yín yìí dáa gan-an," Sístà wí. "Ẹ̀yin lẹ máa ṣe Jósẹ́fù Mímọ́."

Inú mi dùn náà. Jósẹ́fù kì í ṣe ẹni kékeré. Mo délé, mo gbé Bíbélì, mo ń wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí n tètè kọ́ ọ sórí. Mo ka Mátíù, n ò rí i. Mo ka Lúùkù, n ò rí i. Mo tún padà sí Mátíù, bóyá mo sáré kọjá lórí rẹ̀ ni. Jósẹ́fù sùn, ó lálàá, ó jí, ó ṣe ohun tí áńgẹ́lì ní kó ṣe. Kò la ẹnu rẹ̀. Màríà sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ kọrin. Àwọn olùṣọ́-àgùntàn sọ̀rọ̀. Hẹ́rọ́dù, ìkà èèyàn, òun náà sọ̀rọ̀!

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó mi, ó gbé ṣíbí ọbẹ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Dádì, ẹ jẹ́ n mọ ọjọ́ eré yẹn o," ó ní. "Màá pe gbogbo ẹbí mi."

A bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Abiyamọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló ń ṣe Màríà. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ gan-an la fẹ́ fi ṣe Jésù. Ọkùnrin kan tó ń gbé ní Abraham Adésànyà Estate ló ń ṣe onílé èrò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù.

"Kò sáyè," onílé èrò wí, ó sì fẹ́ tilẹ̀kùn.

Ẹnu mi kò gbà á. "Ẹ̀gbọ́n, kò tiẹ̀ sí bọ́ìsì-kọ́tà lẹ́yìnkùlé? Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò ná."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Sístà. "Bàbá, Jósẹ́fù ò sọ̀rọ̀."

"Sístà, ẹni tó ń wá yàrá fún aboyún, báwo ló ṣe máa dákẹ́?"

"Ẹ fi ojú sọ ọ́."

Mo fi ojú sọ ọ́. Mo fi sọ ọ́ débi pé Màríà béèrè bóyá inú ló ń run mí. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ níbi tó bá yẹ kí n sọ̀rọ̀. Sístà fòfin de ikọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú Kérésìmesì la ṣe eré náà, lábẹ́ kánópì nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ẹbí ìyàwó mi jókòó síwájú, oníkálukú na fóònù rẹ̀ sókè. Èmi àti Màríà dé ẹnu ọ̀nà ilé èrò. Onílé ní kò sáyè, ó ti ilẹ̀kùn pákó mọ́ mi lójú. Mo dúró níbẹ̀, n ò ní ọ̀rọ̀ kankan tí mo lè fi ṣí i. Ìtìjú mú mi bí ẹni pé òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe ajẹ́ǹtì, ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ni mo máa ń wà.

A dé ibùjẹ ẹran. Bí àwọn akọrin ṣe bẹ̀rẹ̀ ni Jésù wa fi igbe bọnu. Ìyá rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún títí, kò gbà. Akọrin gbé ohùn sókè, ọmọ náà gbé tirẹ̀ sókè. Ìborùn Màríà já bọ́, ó yíjú sí mi. "Bàbá, ẹ bá mi gbé e," ó rọra wí, ó sì ti ọmọ sí mi láyà.

Ká ní ilé ni, mi ò bá ti máa kọrin, mi ò bá ti máa ki ọmọ náà dé ìdílé baba ńlá rẹ̀. Mo la ẹnu. Mo rí Sístà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, ó fi ìka lé ètè. Mo pa ẹnu dé. Mo kàn gbé ọmọ náà mọ́ra ni. Ó ké, ó ké, ó gbá irùngbọ̀n mi mú, ó sì dákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn akọrin náà dákẹ́, láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kí wọ́n dákẹ́. Mo ń gbọ́ mímí ọmọ náà létí mi. Ó wá yé mi pé bí mo ṣe ń polówó ilẹ̀ ni mo ṣe ń gbàdúrà: mo ń yin Ọlọ́run, mo ń ka ohun tí mo fẹ́ sílẹ̀, mo ń dá àmín sí i, n kì í sì í dúró kó fèsì. Omi lé sí mi lójú.

Ibi tí mo ti ń rò ó lọ́wọ́ ni nǹkan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ti ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ láti àyà mi dé ìdodo. Jésù ti tọ̀ sí mi lára. N kò lè pariwo. Mo gbójú sókè ọ̀run, mo fara dà á. Màmá àgbà kan níwájú rí mi, ó ya àmì àgbélébùú, ó ní, "Ẹ̀mí ti bà lé wọn!"

Ẹ máa rò pé mo ti yípadà. Láti ọjọ́ náà títí di Kérésìmesì, kò sẹ́ni tí n kò sọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ fún. Mo sọ ọ́ fún Ààfáà tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì mi. Mo sọ ọ́ fún àwọn bíríkìlà tó ń wá yàrá nítorí iṣẹ́ wọn ní Lẹ́kkí Free Zone. Wọ́n ní àwọn á padà wá, wọn ò padà wá. Lọ́jọ́ Kérésìmesì gan-an, bí àlejò ṣe ń wọlé ni mo ń mú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, títí ìyàwó mi fi kígbe láti ilé ìdáná pé, "Dádì, ìdákẹ́jẹ́ yìí ti pariwo jù!"

Mo ti ń gbìyànjú báyìí. Láàárọ̀, kí àwọn ará ilé tó jí, mo máa ń jókòó sí pálọ̀, n kò sì ní sọ nǹkan kan fún Ọlọ́run. Kì í pẹ́ tí màá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un pé mo ti dákẹ́ o, ṣé ó rí mi. Màá tún pa ẹnu dé, màá tún jókòó.