Ìdánwò Tí Tàǹtí Mi Ń Yege

Títí di òní, bí mo bá rí bíìkì pupa tí wọ́n fi ń kọ̀wé, àyà mi á já. Olùkọ́ ni Tàǹtí mi, àbúrò bàbá mi, kó tó fẹ̀yìn tì. Ó máa ń fọ́nnu pé, "Èmi kì í fìdí rẹmi."

Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà ọ̀fẹ́ ní àdúgbò wa, Ouando, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni Tàǹtí á ti pa ohun dídùn tì, tí á máa mu omi ewúro láàárọ̀ lálẹ́. Bí èsì bá jáde, á fi bíìkì pupa rẹ̀ fa ìlà sí i lábẹ́. "Mo yege!" Lọ́jọ́ náà gan-an ni á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bu ṣúgà sínú tíì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń yẹ iṣẹ́ ilé-ìwé ọmọ mi wò. Ó ṣàdédé gbójú sókè.

"Ta ló paná?"

Kò sẹ́ni tó paná. Oòrùn kún inú yàrá. Dókítà ní ṣúgà ti ń ba ojú rẹ̀ jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

Láàárọ̀ yìí, èmi náà na ìka mi sí nọ́ọ̀sì fún àyẹ̀wò ṣúgà. Ó gún un, ó sì bi mí pé:

"Bùrọ̀dá, ṣé bí ẹ ṣe ń jẹun tẹ́lẹ̀ náà lẹ ṣì ń jẹun?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ewúro ọjọ́ mẹ́ta ṣì ń korò lẹ́nu mi.