Àgbààgbà Mẹ́tàlá Tó Wá Bẹ Bàbá Rudayna

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Rudayna fi kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì nílùú Karak bí orílẹ̀-èdè ṣe ń bára wọn ṣàdéhùn. Àwọn kan nínú wọn ti di aṣojú ìjọba lókè òkun. Ó ń dúpẹ́ lójoojúmọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan ò jẹ́ kí ọpẹ́ náà dùn ún dénú: lójú tirẹ̀, ẹ̀tàn ni wọ́n fi gba àṣẹ lẹ́nu bàbá òun kí òun tó lè kàwé.

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí yunifásítì kan ní Káírò gbà á. Mutlaq, àbúrò bàbá rẹ̀, búra pé ọmọbìnrin ilé àwọn ò ní dá gbé nílùú onílùú. Mutlaq yìí, tó bá ti fárígá, ilé ò ní rójú. Abu Nayef, bàbá Rudayna, kò wí nǹkan kan. Ni Tíṣà Shibli, tó kọ́ Rudayna níwèé, bá kó àgbààgbà mẹ́tàlá lẹ́yìn, ó di ilé wọn.

Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá wá tọrọ nǹkan nílé ẹnì kan, ńṣe ló máa gbé ife kọfí tí wọ́n bá fún un sílẹ̀. Kò ní fẹnu kàn án àfi tí onílé bá ní kó mu ún. Tí onílé bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó ti gbà nìyẹn, kò sí àyípadà.

"Abu Nayef, torí Rudayna la ṣe wá," ni Shibli wí.

"Ẹ mu kọfí yín. Ohun tẹ́ ẹ bá wá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́."

Wọ́n mu ún tán. Mutlaq ń rẹ́rìn-ín, ìyàwó ló rò pé wọ́n wá fẹ́. "Tíṣà, ta lọkọ?"

"Ìwé ni. Káírò ló ń lọ."

Mutlaq fò dìde. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti tàn yín jẹ! Ẹ ní ẹ ò gbà mọ́!"

"Wọ́n ti mu kọfí mi, Mutlaq. Ṣé kí n ní kí wọ́n bì í ni?"

Bàbá ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Rudayna lọ, ó gboyè, ó padà wálé, kò sì láyà láti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ọdún yìí ni àìsàn dá bàbá dùbúlẹ̀. Rudayna jókòó tì í lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Torí tèmi ni wọ́n ṣe tàn yín."

"Ta ló tàn mí? Èmi ni mo lọ bá Shibli nílé rẹ̀, mo ní kó kó èèyàn wá. Tí mo bá dá a sọ, Mutlaq á da ilé rú. Àmọ́ tí àgbààgbà bá ti mu kọfí tán, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti yí i padà?"

"Ọjọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ fi dákẹ́ ńkọ́?"

"Ọmọ mi ń lọ. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀?" Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, irú àdéhùn báyìí lo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ láti ọjọ́ yìí, o ò sì fura?"

Rudayna fẹnu ko ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́.